Alábòójútó ni, àbí ajẹ́lẹ̀? Ohun tó ń lé àwọn òṣèré kúrò nínú géèmù roleplay wa

Ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà nìyí: "Mo ní géèmù roleplay kékeré kan, níbi tí kálukú ti ń gbé ẹ̀dá-ìtàn kan wọ̀, tí a sì ń fi ọ̀rọ̀ kíkọ ṣe é lórí Discord, ìkànnì ìfọ̀rọ̀wérọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, láti Ìkẹ́rẹ́ níbí. Nígbà tí a wà ní ogójì òṣèré, alábòójútó mẹ́ta, àwọn tó ń ṣọ́ òfin tí wọ́n sì ń dá ẹjọ́, ni a ní, nǹkan sì ń lọ bó ṣe yẹ. Mo fi márùn-ún kún wọn, mo tún òfin kọ, mo rò pé géèmù yóò gbòòrò sí i. Ní báyìí, a kò ju mẹ́tàdínlógún lọ mọ́. Ṣé àwọn alábòójútó ló pọ̀ jù ni, àbí òfin ló le jù, àbí ó kàn ti sú àwọn èèyàn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n ní sùúrù."

* * *

Mi ò rò pé òfin ni, mi ò sì rò pé iye àwọn alábòójútó náà ni. Mo ti wà nínú géèmù tí òfin rẹ̀ gùn tó ojú ìwé mẹ́rìnlélógún, tó jẹ́ pé bí ẹ̀dá-ìtàn ẹni bá kú, ó kú pátápátá nìyẹn, síbẹ̀ tí àwọn èèyàn ń tò kí wọ́n tó rí àyè wọlé. Mo tún ti wà nínú èyí tí òfin rẹ̀ kò ju ìlà márùn-ún lọ, tí gbogbo wa sì fi í sílẹ̀ láàárín oṣù kan. Òṣèré lè fara da òfin líle, ó sì lè fara da alábòójútó tó máa ń kanra. Ohun tí mi ò tíì rí òṣèré tó fara dà á pẹ́ ni kí alábòójútó ṣẹ̀, kí olórí sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Nítorí náà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn alábòójútó yín, ẹ kọ́kọ́ dá wa lóhùn: nígbà ìkẹyìn tí ọ̀kan nínú wọn ṣi agbára lò, kí ni ẹ ṣe fún un, ta ló sì mọ̀ pé ẹ ṣe é?

Wàhálà yìí ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1978, nígbà tí Roy Trubshaw àti Richard Bartle ṣe MUD, géèmù ọlọ́rọ̀ kíkọ tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà, ní Yunifásítì Essex, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òṣèré tó bá gba máàkì tó pọ̀ tó ni wọ́n ń sọ di oṣó, oṣó sì ní agbára tí òṣèré lásán kò ní. Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀, nítorí ẹni tó ti jẹ ìyà géèmù dé òkè mọ ibi tó ti ń dun ẹni tuntun. Àmọ́ ẹni tó mọ eré ṣe kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ẹni tó mọ ẹjọ́ dá. Títí di òní, bí àwa náà ṣe ń yan alábòójútó nìyẹn: ẹni tó ti pẹ́ jù, ẹni tí a ń rí lójoojúmọ́, ẹni tó jẹ́ ọ̀rẹ́ olórí.

* * *

Ẹnì kan ti bi mí lábẹ́ ibí bóyá mo ti darí géèmù rí tí ẹnu mi fi gbà á. Mo ti darí ọ̀kan fún ọdún mẹ́ta láti Adó, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi bà á jẹ́.

Orí ogun Kírìjì ni a gbé géèmù náà kà, ogun tí Èkìtì Parapọ̀ bá Ìbàdàn jà láti 1877 títí di ìgbà tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní 1886. Kálukú ló gbé ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀ wọ̀: ọmọ ogun, babaláwo, aláròóbọ̀, ajẹ́lẹ̀, obìnrin tó ń ru oúnjẹ lọ sí bùdó. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni a máa ń pàdé lálẹ́. Ọ̀kan nínú òfin wa sọ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ já kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín ìjà, kí wọ́n má baà pa ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀, ti sá lójú ogun, ẹ̀dá-ìtàn náà sì ti kú. Gbogbo wa la fọwọ́ sí òfin yẹn, mo sì gbà títí di òní pé òfin tó dára ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ọmọbìnrin kan tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ọ̀yẹ́, tó ti gbé ẹ̀dá-ìtàn kan wọ̀ fún oṣù mẹ́rìnlá, wà lẹ́nu ìjà pẹ̀lú balógun ọ̀tá. Ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, ó dákẹ́. Alábòójútó tó wà nídìí ìjà náà dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Ó ti sá. Ó kú," ó sì ti yàrá náà pa. Iná ló lọ ní Ọ̀yẹ́, òpó íntánẹ́ẹ̀tì sì bá a lọ. Nígbà tí ọmọbìnrin náà padà dé ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, ó kọ ẹ̀sùn gígùn kan, ó sì fi ohùn ránṣẹ́ tí a fi ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata. Alábòójútó náà dá a lóhùn pé gbogbo ẹni tó bá sá ló ń sọ pé iná lọ.

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò wò ni àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ, tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó gbogbo wa. Òṣèré mẹ́ta mìíràn tí wọ́n ń gbé ní Ọ̀yẹ́ ti já ní ìṣẹ́jú kan náà gan-an. Ìlà mẹ́rin ló tẹ̀lé ara wọn níbẹ̀: 9:17, 9:17, 9:17, 9:17. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà ni mo tó rí i.

Àwọn tó ti pẹ́ nínú irú géèmù yìí á ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Alábòójútó yẹn kan náà ló gbé balógun ọ̀tá wọ̀. Ọ̀rẹ́ mi sì ni, láti ilé ẹ̀kọ́ girama. Mo pè é, mo bá a sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, ó ní òun kò ronú dé bẹ̀, mo gbà á gbọ́. Mo dá ẹ̀dá-ìtàn ọmọbìnrin náà padà láìsọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, òṣèré mọ́kànlá ti lọ, àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ kàn. Ọ̀kan nínú wọn, olùkọ́ kan ní Ìjerò, ló jẹ́ kí òye yé mi. Ó ní: "Àṣìṣe kọ́ ló ń lé mi lọ. Mi ò mọ ohun tí ẹ máa ṣe bó bá kàn mí."

Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń pe àwọn alábòójútó wa ní ajẹ́lẹ̀ lẹ́yìn. Ọmọ Èkìtì kò nílò kí a ṣàlàyé orúkọ yẹn fún òun. Àwọn ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi sí ìlú wa ló ń ni àwọn èèyàn lára, tí Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí fi ní òun kò gbà mọ́. Síbẹ̀, wọn ò dúró lórí ajẹ́lẹ̀ nìkan. Ẹni tó rán ajẹ́lẹ̀ níṣẹ́, tí kò sì bá a wí, ni Èkìtì Parapọ̀ gbógun tì.

* * *

Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó fèsì lẹ́yìn ìtàn yẹn ló sọ pé kí a kúkú fòfin de alábòójútó, kó má ṣeré rárá. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀, ṣùgbọ́n mo takò ó. Ẹni tí kì í ṣeré kì í pẹ́ tí kò fi ní mọ ohun tó ń lọ mọ́, yóò wá máa fi òfin ìgbà àtijọ́ dá ẹjọ́ òní. Yàtọ̀ sí èyí, bí ẹ bá fòfin dè é, yóò lọ ṣí orúkọ mìíràn ní ìkọ̀kọ̀, ẹ ò sì ní mọ ẹgbẹ́ tó wà mọ́. Èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohun tó yẹ ni kí gbogbo ayé mọ ẹ̀dá-ìtàn tó gbé wọ̀, kó má sì fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ tó bá kan ẹ̀dá-ìtàn yẹn, ẹgbẹ́ rẹ̀, tàbí ọ̀tá ẹgbẹ́ rẹ̀. Ti ọ̀tá yìí ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó jù wá lọ. Ní 2007, ó hàn sí gbogbo èèyàn pé òṣìṣẹ́ kan ní CCP, ilé iṣẹ́ tó ni géèmù ogun ojú ọ̀run EVE Online ní orílẹ̀-èdè Iceland, ti fi àwọn ìwé àwòṣe iyebíye tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ àti ohun ìjà, tí kò tọ́ sí i, há ara rẹ̀ lọ́wọ́ nínú géèmù, ẹgbẹ́ tó ń bá ṣeré sì wà lára àwọn tó lágbára jù lọ níbẹ̀. Ariwo náà pọ̀. Ilé iṣẹ́ náà kò ní kí òṣìṣẹ́ má ṣeré mọ́. Wọ́n dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ láti máa ṣọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn fúnra wọn, nígbà tó sì di 2008, àwọn òṣèré dìbò yan ìgbìmọ̀ tí yóò máa bá ilé iṣẹ́ náà jókòó sọ̀rọ̀. Ìgbìmọ̀ náà kò wo gbogbo àrùn sàn, nítorí ní 2011, nígbà tí inú àwọn òṣèré kò dùn sí ọjà olówó ńlá tí wọ́n gbé wọ inú géèmù, ìgbìmọ̀ wà níbẹ̀, àwọn èèyàn ṣì kóra jọ tí wọ́n ń yìnbọn lu ère nínú géèmù. Ẹ fojú inú wò ó, èèyàn ń yìnbọn lu ère nítorí ìbínú. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ náà ní ẹni tó lè pè wá sí ìjókòó, ó sì pè é.

* * *

Ní ti owó, ní ṣókí. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní òpin. Ní 1999, àwọn kan tó ti ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún AOL, ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan, gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní iṣẹ́ tí àwọn ṣe kì í ṣe ti ọ̀fẹ́. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, àwọn olùrànlọ́wọ́ ọ̀fẹ́ nínú géèmù Ultima Online náà gbé tiwọn lọ. Mi ò sọ pé ẹnikẹ́ni yóò pè yín lẹ́jọ́ ní Ìkẹ́rẹ́. Mo kàn ń sọ pé ẹni tó ń fi dátà ara rẹ̀ ṣọ́ ilé yín láti aago mẹ́jọ alẹ́ títí di ọ̀gànjọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wá èrè rẹ̀ níbì kan, agbára ló sì sún mọ́ ọn jù. Nígbà tí mo gbọ́n, mo máa ń ra dátà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lóṣooṣù, bí ẹnì kan bá sì ti ṣe oṣù mẹ́rin, yóò sinmi fún oṣù kan, bó fẹ́ bó kọ̀. Ìsinmi yẹn wúlò ju dátà lọ.

* * *

Arábìnrin kan ní mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo ọ̀rọ̀ jẹ́ ti òfin àti àkọsílẹ̀, pé nílẹ̀ wa, ọjọ́ orí àti ẹ̀bẹ̀ ló ń da géèmù rú. Òótọ́ ló sọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wa ti yàtọ̀ sí ti àwọn ará EVE.

Nínú eré, kò sí wàhálà. Ọmọ ogún ọdún ló jẹ ọba nínú géèmù wa, bàbá kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún sì ń dọ̀bálẹ̀ fún un lójoojúmọ́, inú bàbá náà dùn débi pé ó ń kọ oríkì sí i. Ohun tó bá wà nínú àkámọ́ ni ọ̀rọ̀ òṣèré fúnra rẹ̀, èyí tó bá wà níta jẹ́ ti ẹ̀dá-ìtàn, kò sì sẹ́ni tó ń ṣi méjèèjì mú. Nígbà tí ìbáwí bá dé ni ọjọ́ orí ń padà wọlé.

A ní alábòójútó kan tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, sọ ọ̀rọ̀ rírùn sí obìnrin kan nínú àkámọ́, níṣojú gbogbo wa. Ọmọkùnrin náà kọ̀wé sí i pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú, a ti ní kí ẹ lọ sinmi fún ọjọ́ méje. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀ yìí." Ohun tí bàbá náà fi dá a lóhùn ni: "Ìwọ ọmọ yìí, ta ni bàbá rẹ?" Kí wákàtí kan tó pé, ìpè mẹ́ta ti wọlé sórí fóònù mi. Ẹ̀kẹta wá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Ìlawẹ̀, tí kò mọ ohun tí géèmù ń jẹ́, tó sì sọ pé: "Wọ́n ní o ti ìlẹ̀kùn mọ́ àgbàlagbà síta. Ṣí i fún un nítorí tèmi."

Àwọn kan níbí gbà pé kí n má dáhùn ẹ̀bẹ̀ rárá, kí n ṣe bí òyìnbó. Àwọn mìíràn ní àgbà ni, kí n ṣílẹ̀kùn. Mi ò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹ̀bẹ̀ jẹ́ tiwa, ẹni tó bá ní òun kò ní gbà á yóò rí i pé ìlú kò ní gba òun náà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ni ẹ̀bẹ̀ lè dín kù, kò lè pa àkọsílẹ̀ rẹ́, kò sì gbọdọ̀ gba orí ẹni tó dájọ́ kọjá. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n màmá mi pé kí bàbá náà kọ̀wé sí ọmọkùnrin yẹn fúnra rẹ̀. Ó gba ọjọ́ méjì kó tó kọ ọ́, ìlà méjì péré ni, kò sì sí "má bínú" níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́. Ọmọkùnrin náà ló kéde pé òun ti dín in kù sí ọjọ́ mẹ́rin. Ká ní èmi ni mo ṣí ilẹ̀kùn náà lóru, ọmọ yẹn kò ní dá ẹjọ́ àgbà mọ́ láéláé, gbogbo àgbà inú géèmù yóò sì ti mọ nọ́ńbà ẹni tó yẹ kí wọ́n pè.

* * *

Ẹni tó ní kí olórí àti alábòójútó yọwọ́, kí àwọn òṣèré máa dìbò lórí gbogbo ẹjọ́: wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀. LambdaMOO, ayé ọlọ́rọ̀ kíkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Pavel Curtis dá sílẹ̀ ní 1990 ní ilé ìwádìí Xerox ní Kalifóníà, ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìparí 1992, àwọn tó ń darí rẹ̀ kéde pé àwọn kò ní dá ẹjọ́ láàárín àwọn èèyàn mọ́, pé iṣẹ́ ẹ̀rọ nìkan ni àwọn yóò máa ṣe. Ní 1993, ẹnì kan fi ètò kọ̀ǹpútà sọ àwọn ẹ̀dá-ìtàn ẹlòmíràn di ẹni tó ń ṣe ìṣekúṣe tí àwọn tó ni wọ́n kò fẹ́, níwájú èrò. Àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, wọn kò rí ojútùú, ọ̀kan nínú àwọn adarí sì dá pa ẹ̀dá-ìtàn ẹni náà rẹ́ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ṣe ètò ìwé ẹ̀bẹ̀ àti ìbò. Nígbà tó di 1996, àwọn adarí sọ pé kò ṣeé ṣe, wọ́n sì gba ọ̀rọ̀ náà padà sọ́wọ́ wọn. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń dájọ́, bó sọ̀rọ̀ bó dákẹ́. Mo fẹ́ràn ìgbìmọ̀ òṣèré tó ń béèrè ìdí ju ìbò lọ.

* * *

Ẹni tó bi ìbéèrè ti padà wá. Ó ní mẹ́rin nínú márùn-ún tí òun fi kún wọn jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ìjọ òun, pé ó dá òun lójú pé wọn kò ṣi agbára lò rí, àti pé òun ń ronú láti pa yàrá ẹ̀sùn rẹ́ nítorí ariwo tó wà níbẹ̀.

Ẹ má pa á rẹ́. Ariwo tó wà níbẹ̀ ni àwọn mẹ́tàdínlógún tó ṣẹ́kù ṣì ń pa fún yín. Àwọn mẹ́tàlélógún yòókù kò pariwo nígbà tí wọ́n ń lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe lálẹ́ òní kò gba ju wákàtí kan lọ. Ẹ mú ìdájọ́ mẹ́wàá tó kẹ́yìn. Ẹ kọ orúkọ alábòójútó tó dá ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ẹgbẹ́ tí ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ wà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá kọ ẹgbẹ́ ẹni tí ó dá lẹ́bi. Mo ṣe irú rẹ̀ nígbà tí tiwa ti bàjẹ́ tán. Nínú mẹ́wàá, méje ló jẹ́ pé alábòójútó àti ẹni tó jẹ̀bi wà ní ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ogun. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn alábòójútó wa tó mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì dá èmi náà lójú nígbà yẹn pé wọn kò ṣi agbára lò.

Mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, mo kọ ìdí rẹ̀ síta pẹ̀lú ìlà mẹ́rin àkọsílẹ̀ yẹn, mo sì kọ tèmi náà mọ́ ọn, pé mo mọ̀ mo sì dákẹ́. Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Mẹ́fà nínú àwọn mọ́kànlá padà wá, olùkọ́ Ìjerò wà lára wọn. Ọmọbìnrin Ọ̀yẹ́ kò padà. Ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ ṣì wà nínú géèmù, a kò pa á, a kò sì gbé e fún ẹlòmíràn.

Bí ẹ bá ti to mẹ́wàá náà tán, ẹ gbé e síbí, kí a jọ kà á. Ẹ yọ orúkọ àwọn akọrin kúrò.